Anẹ́mónì mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti súnkì, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa táńkì omi iyọ̀, ẹ gbà mí o

Bàbá Tómiwá (Ẹ̀bùté-Mẹ́ta)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Anẹ́mónì mẹ́rin (ẹranko òkun ọlọ́wọ́ púpọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta) ló wà nínú táńkì mi: bubble-tip méjì, carpet aláwọ̀ ewé kan àti condy kan. Gbogbo wọn ló súnkì. Bubble-tip tó máa ń fẹ̀ tó 20 cm tẹ́lẹ̀ kò tó 6 cm mọ́. Èkejì ti kúrò lórí àpáta rẹ̀, ó ń rìn lára gíláàsì, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ wavemaker (ẹ̀rọ tó ń yí omi káàkiri) báyìí. Firefish mi kan, ẹja kékeré, tún pòórá, n ò rí òkú rẹ̀.

Ẹni tó tà wọ́n fún mi ló ní kò sí wàhálà, pé anẹ́mónì kì í bá anẹ́mónì jà. Nígbà tí mo pè é, ó ní iná mi ni kò lágbára. Mo ra iná tuntun, owó ńlá. Mo tún pè é, kò gbé fóònù mọ́. Ìyàwó mi ní mo ń fi owó ilé ṣòfò. Onílé ń pariwo pé èéfín jẹnẹrétọ̀ tí mo ń tàn lóru ń wọ yàrá òun, bẹ́ẹ̀ iná NEPA kò ṣe é gbójú lé. Omi mi dára, àwọn ẹja tó kù ń jẹun. Kí ló ń ṣe àwọn anẹ́mónì yìí?

Ìyá Ìbejì (Súrùlérè)
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Tómiwá. Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mìíràn, ẹ lọ pa wavemaker yẹn. Tó bá fa anẹ́mónì wọlé, yóò lọ̀ ọ́ bí ata, gbogbo oró ara rẹ̀ á sì tú sínú omi. Ẹja lè kú tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wá fóòmù tí ihò rẹ̀ tóbi, ẹ fi wé ẹnu rẹ̀ yíká, ẹ fi cable-tie dè é kó le, kí ẹ tó tàn án padà. Ẹ máa fọ fóòmù náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, torí ìdọ̀tí máa ń dí i, omi kò sì ní yí mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn: táńkì tó lítà mélòó? Ó ti tó oṣù mélòó? Iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mélòó lónìí? Nítíréètì ńkọ́? Ìgbóná omi ńkọ́? “Omi mi dára” kì í ṣe nọ́ńbà.

Àgbà Omi (Yàbá)
Ẹ̀yà mẹ́ta nínú táńkì kan! Anẹ́mónì máa ń tú oró sómi láti lé ẹ̀yà mìíràn jìnnà, táńkì sì rèé, kò síbi tí wọ́n fẹ́ sá sí. Bubble-tip méjì tó pín láti ara ẹyọ kan náà kì í bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n carpet, condy àti bubble-tip, tí ọwọ́ wọn bá kan ara wọn, wọ́n á ta ara wọn. Tí kò bá tiẹ̀ kàn, omi ló ń gbé oró náà kiri.

Ẹ tún gbọ́: tó bá jẹ́ nítorí clownfish (ẹja tó máa ń gbé inú anẹ́mónì) lẹ ṣe kó wọn jọ, kò nílò mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ocellaris, ẹ̀yà clownfish kan, ni, inú àwọn anẹ́mónì Heteractis magnifica, Stichodactyla gigantea àti Stichodactyla mertensii ló ń gbé nínú òkun. Bubble-tip jẹ́ èyí tó máa ń gbà nínú táńkì. Condy yẹn, agbègbè Karibéánì ló ti wá, kò sí clownfish kankan níbẹ̀. Firefish yín sì rèé, inú carpet ni kí ẹ wá a sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà carpet tí wọ́n ń pè ní haddoni ni, ó ń gbé ẹja kékeré mì dáadáa. Ẹ mú carpet kúrò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Àgbà Omi, ẹ rọra. Oró inú omi kì í ṣe ohun tí a kò lè dín kù. Fún táńkì tó gba lítà 200 sí 250, ẹ wọn carbon (èédú tó ń fa oró inú omi) bíi 250 ml, ẹ fi omi RO (omi tí wọ́n ti sẹ́ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò) ṣàn án títí dúdú rẹ̀ fi mọ́, ẹ dì í sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e síbi tí omi ti ń gba inú rẹ̀ kọjá nínú sump (táńkì kejì tí wọ́n ti ń sẹ́ omi). Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tí mo rí níbí ni pé gbogbo wọn súnkì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ìjà ni, ẹnì kan máa ń borí, á gbilẹ̀, àwọn tó kù á rù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀yà mẹ́ta súnkì papọ̀ nítorí pé wọ́n ń bá ara wọn jà.

Firefish ńkọ́? Ẹja tó ń fò ni. Ṣé táńkì yín ní ìdérí?

Alájọpín (Ìkẹjà)
Carbon ni, kí wọ́n sì kó àwọn anẹ́mónì tí kò bára wọn mu kúrò. Ẹ̀yin èèyàn á kọ́kọ́ ra nǹkan tán kí ẹ tó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Anẹ́mónì kan péré lè kó amóníà (oró tó ń pa ẹja) bá gbogbo táńkì tó bá kú. Nǹkan abẹ̀mí ni, ẹ kàwé kí ẹ tó náwó.

Bàbá Tómiwá
Mo ti wé fóòmù mọ́ wavemaker, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Táńkì lítà 250 ni, ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án. Amóníà 0, nítíréètì 10, iyọ̀ 1.025 (bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi lásán). Alájọpín, mo kàwé o, ẹni tó tà á ni kò sọ òótọ́. Carpet yẹn kò ní kúrò nílé mi, Àgbà Omi, òun ló wọ́n jù níbẹ̀.

Ìdérí wà tẹ́lẹ̀, mo ṣí i láti bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ tí ooru mú gan-an. Omi ń gbóná dé dígírì 31 lọ́sàn-án, mo wá gbé fáànù onídùúró sí i, ó sì ń fẹ́ lójú omi tọ̀sán tòru. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 28.

Ìyá Ìbejì (Súrùlérè)
Bàbá Tómiwá, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn táńkì àti abẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì fún firefish. Lẹ́yìn náà: omi ń lọ sílẹ̀ tó mélòó lójúmọ́ tí fáànù yẹn ń fẹ́? Kí lẹ fi ń dí i? Ṣé 1.025 tí ẹ kọ, inú táńkì lẹ ti wọ̀n ọ́n lónìí, àbí inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ po iyọ̀ sí?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà
Kí ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí le tó? Ẹ lọ bu omi òkun ní Tarkwa Bay tàbí Elegushi, ọ̀fẹ́ ni.

Àgbà Omi (Yàbá)
Ọmọ Ìdúmọ̀tà, ẹ má ṣi ọkùnrin yìí lọ́nà. Omi etí òkun níbí ń gba ẹ̀gbin ìlú, epo ọkọ̀ ojú omi sì wà nínú rẹ̀. Ti ọ̀sà Èkó tiẹ̀ burú jù, nígbà òjò omi odò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ a dín kù gidigidi. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò ṣe é lò, kò ní calcium àti magnesium tó yẹ.

Bàbá Tómiwá
Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 ni mo ń dà sí i láràárọ̀. Omi iyọ̀ ni o, mo máa ń pò ó dáadáa, òun ni mo wọ̀n tó jẹ́ 1.025. Ẹja omi òkun ni wọ́n, ẹni tó tà wọ́n fún mi ní n kò gbọdọ̀ da omi lásán sí wọn, pé á pa wọ́n. Ohun tó sọ ni mo ṣe.

Mo rí firefish náà lẹ́yìn táńkì. Ó ti gbẹ.

Ìyá Ìbejì (Súrùlérè)
Ìyẹn ni ìdí rẹ̀. Omi nìkan ni fáànù ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi dípò rẹ̀ ni omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: lítà 4 ìlọ́po gíráàmù 35 (bíi iye iyọ̀ tó wà nínú lítà kan omi tó jẹ́ 1.025) jẹ́ gíráàmù 140 iyọ̀ tó ń wọlé lójoojúmọ́. Tí a bá yọ àpáta àti iyanrìn, omi inú táńkì yín á tó lítà 220. Bíi gíráàmù 0.6 ló ń pọ̀ sí i nínú lítà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ mẹ́wàá, 35 ti di 41. Ẹja lè fara dà á díẹ̀. Anẹ́mónì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí omi ló kún inú rẹ̀. Tí ìta bá níyọ̀ jù, omi á máa jáde lára rẹ̀, á súnkì. Ẹ lọ wọn inú táńkì.

Bàbá Tómiwá
1.031. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n da omi lásán lítà 40 sí i lẹ́ẹ̀kan náà kó tètè bọ̀ sípò?

Ìyá Ìbejì (Súrùlérè)
Rárá o! Ìyẹn ló máa pa wọ́n. Kí ó má ju 0.001 lọ lójúmọ́. Láràárọ̀, ẹ fa lítà 7 omi táńkì jáde, kí ẹ fi lítà 7 omi RO tí TDS rẹ̀ (iye ohun tó yòrò sínú omi) jẹ́ 0 dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kán wọlé láti inú rọ́bà tóóró fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ wọn iyọ̀ kí ẹ tó sùn. Bí ọjọ́ mẹ́fà ni yóò gbà kí ó tó di 1.025. Ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí omi dé lára gíláàsì. Tó bá lọ sílẹ̀ nítorí fáànù, omi RO náà ni kí ẹ fi kún un títí dé àmì. Ẹ má fi omi píọ̀ wọ́tà ṣe é láìwọn TDS rẹ̀. Kí ẹ sì fi omi ìdíwọ̀n 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan) ṣàtúnṣe kíkà refractometer yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn iyọ̀, ná.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọ̀rọ̀ iná tuntun náà ṣe pàtàkì o. Anẹ́mónì tó ti súnkì kò lè gba iná líle lójijì, á tu àwọn ewéko tó ń gbé nínú ara rẹ̀ jáde, á funfun. Ẹ dín in kù sí ìdajì, kí ẹ máa fi bíi ìdá mẹ́wàá kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bọ́ wọn lóúnjẹ títí wọn á fi tú jáde. Lẹ́yìn náà, edé tútù tí kò tóbi ju ẹnu wọn lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú táńkì, afẹ́fẹ́ fáànù á gbà á kọjá, ẹja kò sì ní fò mọ́.

Alájọpín (Ìkẹjà)
Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé o. Ọ̀rọ̀ onílé yẹn kì í ṣe ìjọ̀ngbọ̀n, èéfín yẹn ń pa èèyàn lójú oorun. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì tó táńkì lítà 250 títí iná á fi dé.

Bàbá Tómiwá
Mo ti gbọ́. Carpet ńkọ́? Ṣé kí n yọ ọ́ lónìí?

Àgbà Omi (Yàbá)
Ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí. Inú ìpọ́njú ló wà, tí ẹsẹ̀ bá ya, kò ní yè é. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ wálẹ̀, kó tún fẹ̀ ná, kí a tó sọ̀rọ̀ táńkì tirẹ̀. Àfi tí ẹ bá rí i pé ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tí kò padé, tí ẹsẹ̀ kò di nǹkan mú mọ́, tí ó ń yọ́ tí ó sì ń rùn. Nígbà náà, ẹ yára fi abọ́ gbé e jáde pẹ̀lú omi tó yí i ká, kí ó má baà ya sínú táńkì, kí ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá omi pẹ̀lú omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá ti táńkì mu ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì gbé carbon tuntun sí i.