Iná lọ nígbà tí Ubuntu ń bọ́ láti 22.04 sí 24.04, apt ò gbọ́ràn mọ́

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun, ẹ gbà mí. Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi obìnrin ni mò ń bá gbé láti Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà) 22.04 sí 24.04. Àṣẹ do-release-upgrade ti wa gbogbo package (àpò tí áàpù ń bá wá) jálẹ̀ tán, ó ń tú wọn lọ́wọ́ ni wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná ògiri ló ń lò tààrà.

Tí mo bá tàn án báyìí, ojú dúdú ló ń gbé wá. Mo tẹ Ctrl+Alt+F3, ó jẹ́ kí n wọlé. Àmọ́ ohunkóhun tí mo bá ní kí apt (irinṣẹ́ tó ń fi áàpù sí i tó sì ń yọ wọ́n) ṣe, èsì kan náà ni:

`dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem.`

Mo ṣe bó ṣe wí. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ìgbà tó dé orí initramfs-tools tó ní "No space left on device". Àyè wo ni kò sí? `df -h /` ní 40G ló ṣì ṣófo! Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n kàn fọ́máàtì ẹ̀. Prọ́jẹ́ẹ̀tì àbúrò mi sì wà nínú ẹ̀.

Kọ́lá Sérvà:
`sudo apt clean`. Kíá ni àyè á yọ.

Ìyá Terminal:
Ẹ má dán an wò o! Inú /var/cache/apt/archives ni gbogbo ohun tó ti wà jálẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá gbá a nù, ẹ ó tún un wà látìbẹ̀rẹ̀, àbí Kọ́lá ló máa ra dátà?

/boot, ibi tí àwọn fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń gbéra wà, ló kún. Ẹ ṣe `df -h /boot`, ẹ ó rí i. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti disk náà pa nígbà tí wọ́n ń fi Ubuntu sí i, /boot máa ń dá wà ní apá tiẹ̀, kì í sì í tóbi. Àwọn kernel (ọkàn Ubuntu) àtijọ́ ló ń kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ẹ fi `uname -r` wo èyí tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. `dpkg -l 'linux-image-*'` á fi ìyókù hàn yín. apt ò ní gbà kẹ́ ẹ yọ wọ́n báyìí, dpkg tó wà lábẹ́ apt fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò:

`sudo dpkg --purge linux-image-5.15.0-XX-generic linux-modules-extra-5.15.0-XX-generic`

Nọ́ńbà èyí tó pẹ́ jù ni kẹ́ ẹ fi sípò XX. Lẹ́yìn náà, `dpkg --configure -a` lẹ́ẹ̀kan sí i.

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù:
Ṣùgbọ́n prọ́jẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ jáde. Ki flash bọ̀ ọ́, `lsblk` á sọ orúkọ tó ń jẹ́, mount ẹ̀ sí /mnt, kó o kó o. Disk ò ṣe nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ fọ́máàtì fún? Má sì gbìyànjú àti sọ noble (24.04) di jammy (22.04) padà nínú sources (àkọsílẹ̀ ibi tí apt ti ń wa nǹkan) o. Ubuntu ò ní ọ̀nà àbọ̀ fún ìyẹn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Prọ́jẹ́ẹ̀tì ti wà lórí flash, configure náà sì parí. Mo wá ṣe `apt --fix-broken install`, ó ní "you have held broken packages", ó ń dárúkọ libcurl4 àti libcurl4t64. `apt-mark showhold` ò sì mú nǹkan kan jáde.

Ìyá Terminal:
Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ dì í mú. Láti 24.04 ni wọ́n ti fi t64 kún orúkọ ọ̀pọ̀ library (kóòdù tí àwọn áàpù jọ ń lò), nítorí aago oníbíìtì 32 tó máa kún ní January 19, 2038. Ẹ ti fi nǹkan kan sí i láti PPA (ibi ìkó-áàpù tí kì í ṣe ti Ubuntu fúnra ẹ̀), àbí? Upgrade ń ti ilẹ̀kùn PPA, àmọ́ kì í lé ohun tó ti gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó ní libcurl4 tòun gan-an lòun fẹ́ ló ń fa ìjà yìí. Ẹ wò ó:

`apt list --installed | grep ',local'`

Àwọn àjókù jammy á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wá ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ yín fi sí i, ẹ `apt remove` ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe `apt --fix-broken install` àti `apt full-upgrade`.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Áàpù kan tí wọ́n fi ń gé fídíò ni! Mo yọ ọ́, ìyókù sì rọra wọlé. `lsb_release -a` ti ń kọ 24.04. Ojú tí àbúrò mi mọ̀ ló gbé wá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san.

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù:
Tó o bá fẹ́ ṣe `sudo apt autoremove`, ka ohun tó fẹ́ yọ kó o tó tẹ Y.

Kọ́lá Sérvà:
Bátìrì náà ńkọ́?