Ẹ gbà mí o: mo fẹ́ lọ ṣe fọlọ́ńtíà ní Jámánì, ẹbí mi ò jẹ́ n sinmi

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ó ti sú mi ni. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, mo sì ti rí ààyè láti lọ ṣe fọlọ́ńtíà ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Jámánì. Dádì ní òun ò rán mi nílé ìwé kí n lè lọ máa nu ìdí arúgbó òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá kékeré mi tó ṣèlérí tíkẹ́ẹ̀tì kì í gbé fóònù mi mọ́. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá ń pè mí ní "nọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́". Mọ́mì nìkan ló wà lẹ́yìn mi, àwọn náà ń sunkún lójoojúmọ́. Ìbéèrè mi: ṣé kóòtù òkìrìkà ti Kátángúà lè gba òtútù ibẹ̀? Kílò gàrí mélòó ni mo lè gbé? Ṣé wọ́n ń gba pọ̀nmọ́ àti kìlíṣí? Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ.

Màmá Bólú: Ọmọ mi, ta ló pè ọ́? Oṣù mélòó lo máa lò? Ta ló ń sanwó ilé àti oúnjẹ? O ò sọ ìkankan, gàrí lò ń bèèrè.

Ọmọ Èkìtì: Òkìrìkà dáa ju tuntun lọ. Kóòtù tuntun tí mo rà ní Balógun, ọjọ́ kẹta tí mo dé Manchester ni síìpù rẹ̀ já níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo fi ọwọ́ di í mú dé ibi iṣẹ́. Òjò ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù.

Aláwọ̀ Ewé: Jámánì ló sọ, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Èkìtì: Òtútù ni òtútù.

Sístà Hamburg: Mo ṣe FSJ, ìyẹn ètò fọlọ́ńtíà ti àwọn ọ̀dọ́ ní Jámánì, nílé arúgbó kí n tó wọ ilé ìwé níbí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ fọlọ́ńtíà. Ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ló máa fún ọ lówó àpò lóṣooṣù, àwọn náà ló ń san ínṣọ́ránsì ìlera; ibòmíì ń fúnni ní yàrá. Ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, a sì máa ń fi ọjọ́ 25 nínú rẹ̀ ṣe sẹ́mínà. FSJ wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 27. BFD, ìyẹn ètò fọlọ́ńtíà ti ìjọba àpapọ̀ Jámánì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, gba àgbà náà. Ṣùgbọ́n kí o tó dé ẹ́ńbásì rárá, ìwé àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o ní in? Èdè Jámánì rẹ ńkọ́? Àwọn arúgbó tí mo tọ́jú ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, wọ́n á sì máa bú ọ tó o bá gbé tíì tó ti tutù wá. Wọn ò gba ẹran tàbí wàrà wọ Yúróòpù láti ìta. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, kó má ṣáà ti ju kílò 20.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ ṣé mà, ẹja ni màá kó. Mo ń kọ́ èdè náà lórí fóònù, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ti owó, ajẹ́ńtì wa ní iṣẹ́ ìwé lòun ń gba 850,000 náírà fún. Ẹ má pè é ní olè o, ọmọ ìjọ wa ni. Ká tún wá jókòó sílé de ìyanṣẹ́lódì mìíràn ni?

Ọ̀gá Tíṣà: Ọmọ ìjọ! Ọmọ ìjọ náà ló gba owó Kánádà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Aláwọ̀ Ewé: Ẹ má kó gbogbo ajẹ́ńtì pọ̀. Ajẹ́ńtì ló bá mi ṣe ti Pólándì, mo sì débẹ̀ láyọ̀.

Ọ̀gá Tíṣà: Ilé ìwé lẹ lọ, ẹ sì sanwó ilé ìwé. Kí ló kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Aláwọ̀ Ewé: Àríyànjiyàn ṣáà ni tiyín.

Màmá Bólú: Mo tún bèèrè: oṣù mélòó? Ṣé yunifásítì rẹ mọ̀? Kọ̀wé sí wọn pé o fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró, kí o sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀, kí wọ́n má lọ yọ orúkọ rẹ.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́: Ọdún kan ni mà. Mi ò tíì sọ fún wọn nílé ìwé. Ajẹ́ńtì ní físà ìbẹ̀wò ọjọ́ 90 la máa gbà, ká kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé fàájì ni mo bá lọ. Tí mo bá ti débẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ọdún kan, màá wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé mi lórí. Owó kọpurétíìfù Mọ́mì la fi san ìdajì, Dádì ò mọ̀.

Sístà Hamburg: Àdùnní, dúró. Má san ìyókù. Fọlọ́ńtíà ọdún kan ní físà tirẹ̀, Nàìjíríà níbẹ̀ ni wàá ti gbà á. Físà ọjọ́ 90 kì í di ọdún kan torí pé èèyàn ti débẹ̀. Tí irọ́ bá sì wà nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ tìrẹ ni wọ́n máa rí, wọn ò ní rí ti ajẹ́ńtì. Ṣé o tilẹ̀ mọ orúkọ ilé arúgbó náà? Fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́: Mo ti fi ránṣẹ́ mà. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ síbí. Mọ́mì wà nínú gúrúpù yìí.

Ayọ̀ Ọ̀ṣun: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní nọ́ńbà ajẹ́ńtì yẹn? Àbúrò mi náà fẹ́ lọ.