Ìrírí yín nípa kíkọ́ èdè Yíddìṣì

Nọ́ọ̀sì Hackney: Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Stamford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Júù Hásídì, ìyẹn àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin, ni púpọ̀ nínú wọn, Yíddìṣì ni wọ́n sì ń sọ. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà Hébérù tí wọ́n fi ń kọ ọ́, láti ọ̀tún wá sí òsì, kò tíì mọ́ mi lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa fi ọwọ́ kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ará Brooklyn: Ní tèmi, lẹ́tà kọ́ ló fún mi ní wàhálà, ìkíni ni. Inú ìwé ni mo ti há "Vos makhstu?" sórí, ìyẹn "Ṣé dáadáa lo wà?", mo sì fi kí ìyá àgbàlagbà kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ìyá náà rọra gbé àpò ọjà wọn kalẹ̀, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ir." Wọ́n tún un sọ kó tó yé mi pé "du", tó wà nínú "makhstu", ni ti ọmọdé àti ọ̀rẹ́, pé "ir" ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àti pé "Vos makht ir?" ló yẹ kí n sọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ́ ní "ẹ" àti "o" láti kékeré ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè irú rẹ̀ nínú èdè ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì Hackney: Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, nítorí "du" ni mo ti ń pe bàbá tí mò ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí.

Olùkọ́ Èdè: Ṣé Yíddìṣì kì í ṣe Jámánì tí wọ́n kàn fi lẹ́tà Hébérù kọ?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, sà. Òótọ́ ni pé ara Jámánì ayé àtijọ́ ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù àti ti àwọn ará Pólándì àti Rọ́ṣíà pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Hébérù yẹn kì í sì í yí bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n padà: "Shabes", ọjọ́ ìsinmi, lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí fáwẹ̀lì kankan, ẹ óò kàn há a sórí ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Duolingo, áàpù ìkọ́ èdè tó gbé ẹ̀kọ́ Yíddìṣì jáde ní 2021, ni mo lò. "Git" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "rere" níbẹ̀, bí àwọn Hásídì ṣe ń pè é, nígbà tí ìwé ń pè é ní "gut". Ẹnu àwọn tí ẹ jọ ń gbé ni kí ẹ kọ́.

Ará Brooklyn: Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ìlànà YIVO, ilé ìwádìí èdè Yíddìṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vilna (Vilnius lónìí) ní 1925 tó sì kó lọ sí New York ní 1940, ni èmi ń tẹ̀ lé. Àwọn Násì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, Yíddìṣì sì ni èdè púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn Júù yẹn kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ kà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìwé kíkà yàtọ̀ sí kíkí aláìsàn. Èmi kì í fi Yorùbá inú ìwé kí ìyá mi àgbà.

Nọ́ọ̀sì Hackney: Mo ti dé láti ibi iṣẹ́. Mo fi "ir" bá bàbá sọ̀rọ̀ lónìí, mo sì kí wọn pé "Git morgn." Wọ́n fi ọwọ́ kan etí, wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n wá dáhùn pé "Git yur." Kí ni "yur"?

Ará Brooklyn: Ọdún ni. Ẹ kí wọn ní òwúrọ̀ rere, wọ́n sì fi ọdún rere dá yín lóhùn.