Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Kòríà láì sí ní Kòríà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Busan, ibẹ̀ ló ti gbé ìyàwó, Ọlọ́run sì ti fi ọmọbìnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá. Tí wọ́n bá pè mí lórí fídíò, á wò mí, á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń fi áàpù kan kọ́ èdè Kòríà nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe wàrà àti apálá, ṣùgbọ́n n kò lè bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló jẹ lónìí. Ládùúgbò mi níbí, n kò tíì pàdé ará Kòríà kan. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ láti òkèèrè, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ìtàn yín ni mo fẹ́ gbọ́, ẹ má kàn to orúkọ áàpù fún mi.

Dúdú Bíi Kóró Iṣin
Fíìmù wọn ni kó o máa wò. Pa Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ rẹ́, etí ẹ á là.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
@Dúdú, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wo fíìmù Kòríà. Ohun tí mo lè sọ lẹ́yìn ẹ̀ kò ju "jinjja" (lóòótọ́) àti "saranghae" lọ. Ta ni mo fẹ́ máa sọ fún ní Bódìjà pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ? Fíìmù dáa fún etí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀.

Hangul ló là mí lójú, ìyẹn álífábẹ́ẹ̀tì wọn. Ọba Sejong parí ẹ̀ lọ́dún 1443, ó gbé e jáde fún aráàlú lọ́dún 1446, torí pé ìwé Ṣáínà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti le jù fún mẹ̀kúnnù. Lẹ́tà 24 péré ni: kọ́ńsónáǹtì 14, fáwẹ̀lì 10. Àwòrán bí ẹnu ṣe ń ṣe ló wà nínú kọ́ńsónáǹtì wọn. ㄴ ni ahọ́n tó na orí sókè lẹ́yìn eyín, ㅁ ni ẹnu fúnra ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìpara àbúrò mi. N kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mò ń kà á.

Kí n tó mọ̀ ọ́n, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló sì fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ẹ wo 서울, olú ìlú wọn. Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní Seoul, gbogbo wa ń pè é ní "sóòlù". Bẹ́ẹ̀, "Sọ-ul" ló sún mọ́ ọn. Àwa Yorùbá ní o, a ní ọ. ㅗ ni o, ㅓ sì sún mọ́ ọ dáadáa. Ohun tó ń fún òyìnbó ní wàhálà, inú ọmú ìyá wa la ti mu ún. ㅡ nìkan ni n kò rí nínú èdè wa. Ìyẹn gba pé kó o fẹ ètè bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó o wá pe "u".

Ìyá Ìbejì Houston
Háà! Sọ-ul! Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi rí. Mo ti dìde lọ mú ìwé mi, mo ń fi àmì sábẹ́ gbogbo o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds
Ẹ ṣé o, Ìbàdàn. Ṣé ọ̀fẹ́ ni ibi tó o ti kọ́ ìyókù?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀. Ìkànnì How to Study Korean ni mo fi bẹ̀rẹ̀ gírámà. King Sejong Institute, ilé ẹ̀kọ́ èdè tí ìjọba Kòríà dá sílẹ̀, náà ní ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wà ní Abuja tún rí jẹ jù mí lọ, Korean Cultural Centre wà níbẹ̀ láti ọdún 2010. Èmi kò lè máa wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ kọ́ èdè ní Abuja. Dátà ni owó mi ń bá lọ.

Àǹtí New Malden
Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, New Malden ni, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará Kòríà pọ̀ níbẹ̀, ti Gúúsù àti àwọn tó sá wá láti Àríwá. Kò sí lọ́kàn mi rí pé mo máa kọ́ èdè wọn. Wọ́n kàn ní kí n lọ máa tọ́jú màmá àgbàlagbà kan ni. Màmá yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ nílùú yìí. Àìsàn ìgbàgbé ló gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, èdè tí wọ́n bí i sí nìkan ló kù.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lóru, mo gbọ́ tí Màmá ń pariwo "bul! bul!" Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Fóònù ní iná ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré wọ kíṣìnnì, mo fọwọ́ kan sítóòfù, ó tutù. Mo yẹ gbogbo ibi tí wáyà wà wò, mo ń fa afẹ́fẹ́ símú, kò sí èéfín. Nígbà tí mo padà dé yàrá, Màmá na ọwọ́ sí kọ́ọ̀bù, ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Mul" ló ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Omi. M wọn, tó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀, máa ń dún bíi b létí àjèjì. Omi ló ń tọrọ, èmi ń wá iná kiri. Mo fún un lómi, ó mu ún tán, ó tún na kọ́ọ̀bù. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọkún.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Báírò ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí apá òsì mi lójoojúmọ́, lókè ibi tí ibọ̀wọ́ dé: "mul" (omi), "apa" (ó ń dùn mí), "hwajangsil" (ilé ìgbọ̀nsẹ̀). Kí omi tó wẹ̀ ẹ́ dànù lálẹ́, mo ti mọ̀ wọ́n, torí pé mo ti lò wọ́n tó ogún ìgbà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń wá ní Sátidé. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ṣíbí bọ́ Màmá, tí mò ń sọ pé "meogeo, meogeo" bí mo ṣe gbọ́ ọ nínú fíìmù. Ó rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ìyẹn fún, pé "deuseyo" ni ti àgbà. Ara mi bù máṣọ. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìlá, odindi oṣù kan ni mo ti ń sọ "jẹ ẹ́, jẹ ẹ́" fún ìyá tó lè bí ìyá mi! Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ Màmá. Ọmọ rẹ̀ ní kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Dúdú Bíi Kóró Iṣin
Ojú mi kún fún omi. Mul.

Ìyá Ìbejì Houston
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Ibi tí èdè yẹn ti wọ̀ mí lára gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Tiwọn tiẹ̀ ju ẹ àti o tiwa lọ. Ẹgbẹ́ ẹni á sùn, "jada" ni. Àgbà á sùn, ó di "jumusida". Oúnjẹ ẹgbẹ́ ẹni ni "bap", ti àgbà ni "jinji". Tí wọ́n bá ń sọ ìyá tó bí wọn, "uri eomma" ni, màmá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lonítọ̀hún. Olùkọ́ tí mò ń sanwó fún lórí fídíò ní òun kò mọ bí òun ṣe máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé "sugohaseyo". Mo ní ẹ má ṣe ìyọnu, nílé wa, ẹ kú iṣẹ́ là ń pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
Ṣùgbọ́n ẹ rọra lò ó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé kò yẹ kí ọmọdé sọ sugohaseyo fún ọ̀gá tàbí àgbà. Ibẹ̀ ni tiwa àti tiwọn ti yà.

Ìyá Ìbejì Houston
Ó dáa bó o ṣe sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra kimchi. Ó rẹ́rìn-ín ni, kò bínú.

Baba Oníwèé
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, kí ló dé tí kò fi Yorùbá bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ìwọ ń fi owó àti oorun ẹ kọ́ èdè ọmọ ọdún mẹ́ta, bàbá tó bí i kò sì kọ́ ọ ní èdè bàbá ẹ̀. Ẹnì kan ń gbé ẹrù ẹlòmíì rù.

Ìyá Ìbejì Houston
Baba, ẹ má dá a lẹ́jọ́. Èmi àti bàbá àwọn ìbejì mi, Yorùbá pọ́ńbélé ni wá, Yorùbá tí àwọn ọmọ gbọ́ kò ju "wá jẹun" lọ.

Baba Oníwèé
Ohun tó ń dùn mí gan-an lẹ tún sọ fún mi yẹn.

Ará Ansan
Ansan ni mo wà, ọdún kọkànlá mi rèé ní Kòríà. Ẹ jẹ́ n gbẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n Busan tí n kò mọ̀. Mo ń kúrò nílé kí ọmọ tó jí, mo ń dé nígbà tó bá ti sùn. Ìyá ẹ̀ ń sọ Kòríà, ìyá àgbà ń sọ Kòríà, jẹ́lé-ó-sinmi Kòríà ni. Wákàtí wo ni Yorùbá fẹ́ wọlé? Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń wẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́: gbé ẹsẹ̀, fọ etí, di ojú, ọṣẹ ń bọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Kò sí ẹ̀yà ara tí kò mọ̀ ní Yorùbá, títí dé ìgúnpá. Kò mọ ju ìyẹn lọ. Baba, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Baba Oníwèé
Mo gbà á. Títí dé ìgúnpá! Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ fi orúkọ oúnjẹ kún un tí ẹ bá ti ń wẹ̀ ẹ́ tán.

Ará Ansan
Ẹ ṣé, sà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, gbọ́ tèmi: Kòríà ọmọdé ni kó o kọ́, kì í ṣe ti ìwé. "Mamma" ni oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré. "Chika chika" ni fífọ eyín. Bo ojú ẹ, ṣí i, kó o ní "kkakkung!", wàá rí i bó ṣe máa fò. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ alápèjúwe bíi tiwa: ìràwọ̀ ń tàn "banjjak banjjak", àyà ń lù "dugeun dugeun". Ìwọ náà, "gomo" lo jẹ́ sí i, ìyẹn arábìnrin bàbá. "Imo" ni arábìnrin ìyá. Má jẹ́ kó pè ẹ́ ní imo o, wọ́n á rò pé ìdílé ìyàwó lo ti wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds
Gomo! Ohun tó máa ń pariwo nìyẹn tí mo bá gbé fóònù! Mo rò pé ó ń béèrè nǹkan ni. Orúkọ mi ló ń pè láti ọjọ́ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Lọ́ńdọ̀nù
Mo fẹ́ fi kan kún un nítorí pé Busan lẹ dárúkọ. Etí Yorùbá wúlò ju bí a ṣe rò lọ. 달 (dal) ni òṣùpá, 탈 (tal) ni ìbòjú, 딸 (ttal) ni ọmọbìnrin. Òyìnbó máa ń sọ pé ọ̀kan náà ni òun ń gbọ́. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ Seoul: ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òṣùpá, ohùn òkè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbòjú. Èmi kò wá èémí tàbí agbára ẹnu mọ́, dò àti mí ni mo ń gbọ́.

Dúdú Bíi Kóró Iṣin
Èdè Kòríà kò ní ohùn bíi tiwa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Lọ́ńdọ̀nù
Òótọ́ ni pé wọn kì í fi àmì ohùn sórí ẹ̀, èdè Seoul kò sì ní in bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ní Gyeongsang, níbi tí Busan wà, ohùn ṣì ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. "Mal" ni ẹṣin, "mal" náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn la fi ń mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ọmọ Busan ni ọmọ yẹn. Ìyá ẹ̀ á mọ̀.

Ará Ansan
Òdodo ni. Tí ìyàwó mi bá pe àwọn èèyàn ẹ̀ ní Busan, èmi tí mo wà nínú yàrá kejì á mọ̀, torí ohùn á kàn máa lọ sókè sódò bí ẹni ń kọrin.

Òjò Òwúrọ̀
Ìdánwò TOPIK, tí wọ́n fi ń dán ìmọ̀ èdè Kòríà wò, ńkọ́? Ṣé ó pọn dandan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
Fún èmi, ó ṣe pàtàkì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba wọn ni mò ń wá. Ipele 1 àti 2 wà nínú TOPIK I, 3 dé 6 wà nínú TOPIK II. Máàkì 300 ni ti èkejì, 120 ló ń gbé èèyàn dé ipele 3. Ọdún méjì lẹ̀rí rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, torí náà má tètè ṣe é tí ìwé ẹ kò bá tíì pé. Ẹ̀gbọ́n Leeds kò nílò ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í bèèrè sátífíkéètì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds
Ẹ jọ̀ọ́, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bí Àǹtí New Malden, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lápá lójoojúmọ́, Hangul ni mo sì fi ń kọ wọ́n. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí, ó ti di ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀dọ̀ wọn. Bó ṣe ní "Gomo!", mo bi í: "Mwo meogeosseo?" Kí lo jẹ? Ó dákẹ́, ó wò mí tìyanutìyanu, bí ẹni tí àwòrán ara ògiri bá sọ̀rọ̀. Ó ní "Gyeran!", ó sá lọ. Ó padà pẹ̀lú ẹyin sísè tó ti gé jẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù, gbogbo ojú fóònù di funfun. Ẹ̀gbọ́n mi sọ látẹ̀yìn pé, "Sọ fún àǹtí ẹ: ẹyin." Ó ní "eyín". A tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, eyín ni.

Baba Oníwèé
Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín náà dáa.

Àǹtí New Malden
Tí o bá tún pè, bi í pé "masisseo?", ṣé ó dùn. Màmá kọ́ mi ní ìyẹn, ó sì ń dáhùn ní gbogbo ìgbà.