Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ tó ń dùn mí nídìí pìánò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè lọ́jọ́sí bí mo ṣe lè yọ èèkàn okùn pìánò, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tí okùn wé mọ́, láìjẹ́ kí ọrùn ọwọ́ mi daṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, ẹ jẹ́ kí n pa á dé.

Èèkàn lé ní 200! Ẹni tó ní kí n ki orí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí èèkàn bọ ẹnu dírílì, ẹ ṣeun gan-an. Kó máa yí jẹ́jẹ́ ni àṣírí ẹ̀. Bó bá ń sáré, ooru á ba pákó tó di èèkàn mú jẹ́. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi dẹ gbogbo okùn ná, díẹ̀díẹ̀, káàkiri, torí ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń fa férémù irin.

Túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó ni mo wé mọ́ ọwọ́ kọ́kọ́rọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ò bó mọ́. Sípóòkù tí mo tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ ni mo fi ń fa okùn sáyè ẹ̀. Ó burẹ́wà, àmọ́ ó ṣiṣẹ́.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ò wúlò rárá. Ti aláwọ ni mo padà lò. Ẹ má sì bọ́ awò ojú o: okùn kan já, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló bà.