Mo náwó sí End of Discussion mi, dyno (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀) ní 133 péré ló ní. Kí ló dé?

Ọmọ_Kàbà:
Okun o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Honda Accord 2004 ni mo ní, End of Discussion, ẹ́ńjìnì 2.4, ọtọmátíìkì. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ tí mo fi ń tún un ṣe, mo gbé intake oníkóònù (ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn) sí i, mo pààrọ̀ header (páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì), wọ́n ṣe sáláńsà tuntun tó fẹ̀ fún mi, mo wá wọ ríìmù 18 sí i dípò 16 tó bá wá. Lára páálí àwọn ẹrù yìí wọ́n kọ ọ́ pé eléyìí á fi 10 kún un, tọ̀hún á fi 15 kún un, èmi náà wá ṣirò gbogbo ẹ̀ mọ́ 160 horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì) tí Honda ní ọkọ̀ yìí ní, mo ní tí kò bá pé 190 kò ní jìnnà sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbéra láti Kàbà, mo gba Obajana já sí Lọ́kọ́jà (ẹ mọ ojú ọ̀nà yẹn àti àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì), mo dé Àbújá níbi tí wọ́n ti ní dyno, irú èyí tí táyà ọkọ̀ ń yí rólà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí rólà yẹn, 133, 131, 128! Ṣe ló ń lọ sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Èkó tó ní irú ọkọ̀ yìí gẹ́lẹ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀, ó ní 141 ni tòun. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni àbí ẹ́ńjìnì mi ló ń kú lọ?

Bàbá_Mọ̀pà:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ ò kú. 160 tí Honda kọ yẹn, ẹnu ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kí agbára tó wọ inú gíà rárá. Táyà ni dyno tìẹ wọ̀n. Gíàbọ́ọ̀sì, ṣáàfù, bẹ́ríńgì, táyà fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ló ń bù ú jẹ lọ́nà, bí ìgbà tí wọ́n fi owó rán ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e fún ara wọn, kò lè dé ibi tó ń lọ bó ṣe kúrò nílé. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń yọ ni nǹkan bí 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtọmátíìkì sì máa ń jẹ ju mánúà lọ. Yọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú 160, 136 ló kù. Ṣé o rí i pé 133 kì í ṣe àjèjì?

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o ò wọ̀n ọ́n kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Tòkunbọ̀ tó ti ju ogún ọdún lọ ni, ta ló mọ̀ bóyá 125 ló wà tẹ́lẹ̀?

Mẹkáníìkì_Ìsánlú:
Òótọ́ ni bàbá sọ. Àmọ́ 133, 131, 128 yẹn gan-an lẹ jẹ́ ká wò, torí ooru ni. Níbo ni wọ́n de kóònù yẹn mọ́? Mo lè búra pé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì lásán ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, tí kò sí nǹkan kan tó bò ó. Páálí dúdú tí Honda gbé fíltà sí tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń wọlé. Ẹ̀yin yọ ìyẹn, ẹ wá fi èyí tó ń fa atẹ́gùn gbígbóná sí i. Tí ooru ìta bá jẹ́ 35°C tí ti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 60°C, atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnì ti fúyẹ́ ju ti ìta lọ ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, epo tí ẹ́ńjìnì sì lè jó, ìwọ̀n atẹ́gùn tó bá rí náà ni. Ìyẹn nìkan kọ́ o, tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tí inú ẹ̀ fẹ́ máa dún kọ̀kọ̀ (knock), knock sensor tó ń ṣọ́ ìró yẹn á gbọ́, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) á fa timing (àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta iná) sẹ́yìn kí písítìnì má baà bàjẹ́, agbára á tún dín. Lórí ọ̀nà, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Lórí dyno ọkọ̀ dúró sójú kan, fáànù kan ṣoṣo tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ ò lè ṣe é tán, tí wọn ò bá sì jẹ́ kó tutù láàárín ìgbà kan sí èkejì, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn náà lẹ ó máa rí.

Èmi náà ti de irú kóònù yìí fún kọ́sítọ́mà kan rí. Nígbà tó padà wá mo fọwọ́ kan páìpù intake yẹn, mi ò lè gbé ọwọ́ lé e. Mo dá páálí àtijọ́ padà láìgba kọ́bọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Rólà_òun_Táyà:
Ẹ ní kó wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un. Ọ̀nà méjì tí dyno ń gbà ṣírò nọ́ńbà mọ́ ojú ọjọ́ ni SAE àti STD. Tó bá jẹ́ SAE ló wà níbẹ̀ tó sì jẹ́ STD ló wà lórí ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, STD máa ń fi nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju SAE lọ, torí SAE gbà pé ojú ọjọ́ jẹ́ 25°C, STD ní 15 àti díẹ̀, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí STD ń lò sì ga ju ti SAE lọ díẹ̀. Pín 141 yẹn sí 1.04, kò pé 136. Ẹ̀rọ yàtọ̀ síra pẹ̀lú, dyno Dynojet máa ń ka nọ́ńbà tó ga ju dyno Mustang lọ lórí ọkọ̀ kan náà. Ìṣirò tí dyno ń ṣe yẹn, ojú ọjọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wò, kò mọ̀ pé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ ti di ààrò, kò lè bá ẹ tún ìyẹn ṣe. Ríìmù 18 tún wúwo, bí rólà ṣe ń sáré sí i lára agbára rẹ ń lọ sí yíyí ríìmù.

Wo ibi 5500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) lórí ìwé yẹn, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì yẹn ti máa ń ní 160 rẹ̀. Tí ìlà agbára tí wọ́n yà síbẹ̀ bá ti ń wálẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, ooru tàbí timing ni kó o fura sí.

Ọmọ_Kàbà:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó, SAE ló wà lórí tèmi, mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní STD ni tòun!! Ìlà tèmi náà ti ń wálẹ̀ láti 5200. Kóònù náà wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí mẹkáníìkì ṣe sọ. Páálí àtijọ́ ṣì wà ní yàrá mi, mi ò sọ ọ́ nù. Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Sátidé màá gbé e wá fún yín, kí ẹ dá a padà, kí n wọ 16 sí i, màá padà lọ wọ̀n ọ́n ní Àbújá lórí rólà kan náà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Ṣé ẹ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀?

Mẹkáníìkì_Ìsánlú:
Láti aago mẹ́jọ. Má gbàgbé ìwé yẹn nílé.