Sẹ́ńsọ̀ wo ni kí n fi díwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Peugeot 504 bàbá mi, èyí tó ń lo kábúrétọ̀, ń mu epo bí omi, sáléńsà rẹ̀ sì ń yọ èéfín dúdú. Mo fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wo bí epo ṣe ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kí n tó pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Ṣé kí n ra sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ lásán n'Ílọrin, àbí wideband, irú tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ sí epo gan-an? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Rẹwáyà Gáà-Àkànbí: Wideband ni kí ẹ rà bí owó bá wà. Bí epo bá pọ̀, sẹ́ńsọ̀ lásán á gbé nǹkan bíi fóltì 0.9 jáde, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, nǹkan bíi 0.1, nǹkan bíi 0.45 ni ààlà, níbi tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ti bá ìwọ̀n bẹntiróòlù 1 pàdé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ láti gun òkè, afẹ́fẹ́ bíi 12.5 sí 13 sí epo 1 ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́, sẹ́ńsọ̀ lásán yẹn kò sì lè fi 13 hàn yàtọ̀ sí 11, nítorí pé "epo pọ̀" náà ni yóò máa wí. Wideband irú Bosch LSU 4.9 a máa sọ iye gan-an, àmọ́ ẹ ra kọ́ńtúrólà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, mọ́ ọn, nítorí kò ṣeé so mọ́ mítà lásán.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjàṣẹ́-Ìpo: Òótọ́ ni rẹwáyà sọ, ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí má tíì náwó. Sẹ́ńsọ̀ kì í rí epo. Ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín ló ń rí. Bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá tanná dáadáa, ọ́síjìn tí kò jó yóò bá èéfín jáde, mítà yóò sì sọ pé epo kéré, nígbà tí epo tútù ń rùn nídìí sáléńsà. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò wá fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i, ọ̀rọ̀ á sì wá burú. Bákan náà ni bí gásíkẹ̀ẹ̀tì bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta ń wọlé. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kí o wò bóyá ṣóòkù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀, há, kí o sì gbọn fílítà, nítorí eruku ọyẹ́ tiwa níhìn-ín kì í ṣe kékeré.

Ọmọ Ìgbómìnà: Tí ẹ bá wá rà á, kí wẹ́dà jó ojú ihò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òkè páìpù, kí sẹ́ńsọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí omi inú èéfín má baà dúró sí i lára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀ láìsí iná mànàmáná, torí èédú yóò bà á jẹ́. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi bóòtù dí ihò náà.